Kámẹ́rà nínú yàrá Mama wa n'Ísánlú, Bọ̀dá sì fẹ́ lọ kóòtù torí wọn. Ta ló láṣẹ?

Ọmọ_Ìsánlú

Okun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó ti ń di ìjà nínú ẹbí wa, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè fi lọ̀ tí ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Mama wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìsánlú ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí Bàbá kọ́ kí wọ́n tó kú. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ń gba pẹ́ńṣàn, oko kajú tí Bàbá fi sílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún. Mẹ́rin ni wọ́n bí. Bọ̀dá wa àgbà wà l'Ábújá. Àǹtí wa wà ní England, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi wà ní Kabba níbí pẹ̀lú ọkọ mi. Àbúrò wa ọkùnrin wà ní Kàdúná, ìyẹn kì í dá sí nǹkan kan, tẹ́ ẹ bá pè é á ní ohun tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò sí lòun náà gbà.

Lọ́dún tó kọjá Mama yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, Ọlọ́run yọ wọ́n, eegun ò kán. Ẹ̀rù ba Àǹtí, ni wọ́n bá fowó ránṣẹ́ sí bọ̀bọ́ kan pé kó wá fi kámẹ́rà sílé. Ọ̀kan wà ní fàrándà tó kọjú sí géètì, ọ̀kan wà ní pálọ̀, ọ̀kan wà nínú yàrá Mama gan-an, lókè wọ́ńdírọ́ọ̀bù. Sólà ló ń gbé wọn, síìmù ló sì wà nínú wọn torí kò sí wáìfáì nílé. Mi ò bá wọn jà sí i nígbà yẹn o, pẹ̀lú bí àwọn ajínigbé ò ṣe jẹ́ kéèyàn fọkàn balẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa yìí, ta ni ò ní fẹ́ kámẹ́rà lẹ́nu géètì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún Mama pé nǹkan náà ń sọ̀rọ̀. Àǹtí á wà lọ́hùn-ún, wọ́n á wò ó lórí fóònù pé Mama ò tíì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á bá gbẹnu sí i lóru, "Mama, ẹ ò tíì lo oògùn yín o!" Ẹ wo èèyàn tó ń gbàdúrà nínú òkùnkùn kí ohùn já wọlé láti orí wọ́ńdírọ́ọ̀bù. Mama bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹnì kan ń pe orúkọ àwọn lára ògiri. Ọ̀rọ̀ yẹn rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá l'Ábújá, wọ́n ní ẹn-ẹ́n, ọpọlọ Mama ti ń lọ nìyẹn. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ohùn wo. Ìgbà tí mo ṣàlàyé pé kámẹ́rà ni, wọ́n ní bó ti wù kó rí, ṣebí Mama gba owó kajú lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n tún ránṣẹ́ lọ béèrè owó kan náà, ṣebí wọ́n fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná títí ó fi jóná. Ìyẹn méjèèjì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mi ò lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni fídíò. Mama dìde lóru láti lọ tọ̀, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, Àǹtí gé fídíò yẹn, wọ́n jù ú sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí pé ká wá wo bí Mama ṣe ń rìn. Aṣọ ò sí lára Mama dáadáa. Ọkọ mi wà nínú gúrúùpù yẹn, ìyàwó Bọ̀dá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ti ń lo fóònù wà níbẹ̀.

Ní báyìí Bọ̀dá ní àwọn ń lọ rí lọ́yà ní Lọ́kọ́já kí kóòtù sọ àwọn di alágbàtọ́ Mama, káwọn mú ATM àti ìwé oko sọ́wọ́, káwọn sì kó Mama lọ Àbújá. Àǹtí ní irọ́ ni, tó bá jẹ́ ti alágbàtọ́ àwọn tí àwọn ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù ni, pé ní England ìwé kan wà tí òbí máa ń fọwọ́ sí fún ọmọ tí ò sì ní bàjẹ́ láé. Mama ní tiwọn ti ń fi ìró bo kámẹ́rà kí wọ́n tó sùn. Tó bá ti ṣókùnkùn báyìí Àǹtí á pè mí lóru pé kí n dìde kí n lọ wò ó. Láti Kabba lọ Ìsánlú! Lóru! Lójú ọ̀nà wa yìí!

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn, tó ń sùn lórí ẹní nínú yàrá kan náà, ti ní òun ń lọ tí wọn ò bá yọ kámẹ́rà yẹn, pé òun ò ríbi pààrọ̀ aṣọ.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé mo lè yọ ti yàrá yẹn láì gbàṣẹ lọ́wọ́ Àǹtí tó rà á? Àti pé ta ni òfin mọ̀ sí alágbàtọ́ ìyá tó ṣì ń dá ka Bíbélì ẹ̀, tó ṣì mọ orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ ẹ̀?

Ìyá_Àgbà_Mọ̀pà

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ láti òkè délẹ̀, mò ń wá ibi tí ẹ ti bi Mama léèrè, mi ò rí i. Ẹ̀yin mẹ́rin kóra yín jọ sórí fóònù ẹ ń pín ìyá yín bíi ogún, ẹni tí ẹ̀ ń pín ò sì tíì kú.

Fídíò yẹn burú. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀. Àna ìyá yín ni ọkọ rẹ, ẹ mọ ohun tí ẹ fi hàn án yẹn? Kí Àǹtí rẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Mama fúnra wọn, kì í ṣe nínú gúrúùpù o, kí wọ́n pe Mama sórí fóònù kí wọ́n kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n wà kí Mama rí wọn.

Èkejì, ọmọ ò lè jókòó kó máa dájọ́ ìyá ẹ̀. Mama yín ní ilé bàbá tiwọn tí wọ́n ti wá sílé ọkọ. Ẹ pe àwọn ẹbí wọn, àbúrò wọn kan á ṣì wà, ẹ pe àwọn àgbà ilé bàbá yín náà, kí ẹ jókòó n'Ísánlú, kí Mama jókòó láàárín, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé. Tí Bọ̀dá bá fẹ́ kó wọn lọ Àbújá kí wọ́n wí i lójú Mama. Mo mọ obìnrin méjì níbí tí ọmọ kó lọ sí ìlú ńlá pé kí wọ́n lọ gbádùn, inú yàrá ni wọ́n ń tì wọ́n mọ́ láti àárọ̀ títí àwọn ọmọ á fi ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tí wọ́n máa kí, kò sí oko, kò sí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Tẹlifíṣọ̀n nìkan.

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀_Dublin

Ẹ rọra o, Mama Mọ̀pà, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ àwa tá a wà lókè òkun bíi pé ọlọ́pàá la jẹ́. Bàbá mi ṣubú ní kíṣìn n'Ẹ́gbẹ̀, ẹni tí à ń sanwó fún pé kó máa sùn lọ́dọ̀ wọn ti lọ síbi àríyá, ilẹ̀ ni Bàbá wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì ẹni náà sọ fún wa lórí fóònù pé àwọn jọ sùn ni, pé ìdájí ni Bàbá ṣubú. Ta ni ká gbà gbọ́? Àtìgbà tí a ti fi kámẹ́rà síbẹ̀ mo mọ̀ bóyá wọ́n jẹun àbí wọn ò jẹun. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí kéèyàn wà níbi iṣẹ́ kí fóònù dún pẹ̀lú nọ́ḿbà Nàìjíríà, àyà á ti já kó tó gbé e.

Àǹtí yìí ṣi nǹkan lò, ti fídíò yẹn mi ò gbè é. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé torí ìyẹn ká yọ gbogbo ẹ̀.

Ìyá_Àgbà_Mọ̀pà

Kò sẹ́ni tó bú ẹ, Dublin. Ìbéèrè kan péré ni tèmi: ṣé ẹ bi bàbá yín kí ẹ tó fi síbẹ̀?

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀_Dublin

A bi wọ́n, Mama. Wọ́n ní ká má fi síbi tí àwọn ti ń wẹ̀ àti ibi tí àwọn ń sùn. A ò fi síbẹ̀. Ti kíṣìn wọ́n tiẹ̀ máa ń juwọ́ sí i.

Sólà_àti_Kámẹ́rà

Iṣẹ́ mi nìyí, mo ń ṣe é káàkiri Kabba, Ìyàrà títí dé Mọ̀pà. Ọmọ_Ìsánlú, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àṣẹ rárá, ìbéèrè kan: bọ̀bọ́ tó wá fi kámẹ́rà yẹn, fóònù ta ló fi ṣí àkáǹtì rẹ̀? Ẹ lọ wádìí ẹ̀ lónìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kánjú máa ń fi nọ́ḿbà tàbí ímeèlì tara wọn ṣí i, wọ́n á wá "share" ẹ̀ fún oníbàárà tó wà lókè òkun, oníbàárà á máa wò ó á rò pé tòun ni, ẹni tó fi í gan-an ló ni kọ́kọ́rọ́. Tó bá wù ú lọ́gànjọ́ á ṣí i á wo Mama. Mi ò sọ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, mo kàn ní ó lè ṣe é ni. Páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ náà, tí ẹ bá rí i pé 123456 tàbí admin ni wọ́n fi sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíá.

Ti yàrá, èmi kì í fi kámẹ́rà sí yàrá àgbà bí wọn ò bá fẹnu ara wọn sọ pé kí n fi sí i. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé Mama á ṣubú lóru, kó fi ti pálọ̀ kọjú sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, tí Mama bá jáde ẹ máa rí i, tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó padà ẹ máa mọ̀. Ó máa ń rí òkùnkùn dáadáa, kò nílò iná. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ lára ẹ̀ ṣeé pa. Ètò kékeré kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "privacy mask", ẹ lè fi dí ibi tí ẹ ò fẹ́ kó rí nínú àwòrán. Ẹ sì pààlà sí iye ẹni tó lè wò ó, kó má jẹ́ pé gbogbo ìdílé ló wà nínú áàpù.

Dátà tún ńkọ́? Kámẹ́rà mẹ́ta tó bá ń gbé àwòrán lọ ní gbogbo ìgbà á jẹ owó tó tó owó oúnjẹ Mama. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ sí mẹ́mọ́rì kádì, kó má ṣe ránṣẹ́ àfi tí nǹkan bá mira.

Nọ́ọ̀sì_tó_ti_fẹ̀yìn_tì

Ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà sílẹ̀ díẹ̀. Mama gba owó kajú wọ́n gbàgbé, wọ́n jó ìkòkò. Ṣé àtijọ́ ni àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Torí tí arúgbó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège láàárín ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ má tíì sọ pé iyè wọn ti rà. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò, àrùn inú ìtọ̀ nìkan tó láti da arúgbó lórí rú. Ibà náà ń ṣe é, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ ń ṣe é, àìmu omi tó ń ṣe é pàápàá lásìkò ooru, torí wọ́n máa ń sá fún omi kí wọ́n má baà máa dìde tọ̀ lóru. Ẹ kó gbogbo oògùn tí Mama ń lò sínú ọ̀rá kan ẹ gbé e dání lọ, títí kan èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì. Piriton àti irú oògùn ọ̀fìnkìn tó ń múni sùn bẹ́ẹ̀, ó máa ń da arúgbó lọ́pọlọ rú, àwọn èèyàn ò sì kà á sí nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí wọn wò náà, ẹni tí ò gbọ́ràn dáadáa á máa dáhùn ohun tí wọn ò sọ, ẹ̀yin á ní ó ti ń ṣarán.

Tó bá wá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i láti ọdún méjì mẹ́ta, tí wọ́n ń ṣìnà lọ́nà tí wọ́n ti ń rìn tipẹ́, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó mọ́, ìyẹn yàtọ̀, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ẹ má fi í pa mọ́.

Àti ìṣubú yẹn, ẹ dákun, kámẹ́rà kì í gbé ẹni tó ṣubú dìde. Ẹ fi iná kékeré tó ń gba sólà sọ́nà tí wọ́n ń gbà lọ tọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ká rọ́ọ̀gì tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ kan irin sára ògiri balùwẹ̀ tí wọ́n á máa dì mú, wẹ́lídà kan ṣoṣo á ṣe é. Kí ẹ sì pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú páálí tó ní ọjọ́ méje, kí ọmọbìnrin yẹn máa wò ó láàárọ̀, Àǹtí ò ní nílò kó máa pariwo láti England.

Lọ́yà_Ìjùmú

Ohun tí mo bá sọ níbí, òye gbogbogbòò ni o, ẹ ṣì máa lọ bá lọ́yà tó máa rí ìwé yín.

Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó sọ pé àkọ́bí ni alágbàtọ́ ìyá. Kò sí èyí tó sọ pé ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ ni. Àgbàlagbà tí orí ẹ̀ pé, òun ló láṣẹ lórí ara ẹ̀, ilé tó fẹ́ gbé, owó ẹ̀, ẹni tó fẹ́ kó máa wo òun. Ọmọdé ni à ń yan alágbàtọ́ fún láìbi í. Kí kóòtù tó lè gbé ọ̀rọ̀ Mama lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí àwọn dókítà pé ọpọlọ wọn ò gbé e mọ́, kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n jó ìkòkò. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun wà, ti 2021, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2023, òun ló rọ́pò ti 1958 tó ń pe èèyàn ní wèrè ní gbangba, ọ̀nà tí òfin tuntun fi ń wo aláìsàn yàtọ̀ pátápátá. Tí Bọ̀dá bá lọ kóòtù pẹ̀lú ìtàn ohùn tó ń jáde lára ògiri, tí ẹ bá sì gbé kámẹ́rà náà wá kí adájọ́ gbọ́ ohùn ọ̀hún fúnra ẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi í rín.

Ìwé tí Àǹtí ń sọ, òtítọ́ ni, England àti Wales ní in lábẹ́ òfin wọn ti 2005, tó máa ń ṣiṣẹ́ lọ kódà tí ọpọlọ ẹni tó fọwọ́ sí i bá bàjẹ́. Tiwa níbí ò rí bẹ́ẹ̀. Power of attorney, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń fàṣẹ fún ẹlòmíì láti ṣe nǹkan dípò ẹ̀, tí Mama bá fọwọ́ sí lónìí á ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí orí wọn bá ṣì pé, tí iyè wọn bá lọ, ìwé náà ti kú nìyẹn. Ìdí tó fi yẹ kí ẹ tètè ṣe é nìyí tí Mama bá fẹ́, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fàṣẹ sí gan-an, bóyá kí ẹnì kan bá wọn ta kajú, kó má jẹ́ ilé. Wọ́n sì lè gbà á padà nígbà tó bá wù wọ́n.

Ti kámẹ́rà: abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé wọn, lẹ́tà wọn àti ọ̀rọ̀ orí fóònù wọn. Mama ló ni àṣírí yẹn, kì í ṣe ẹni tó ra kámẹ́rà. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, ti 2023, fi ohun tí èèyàn ń ṣe nínú ilé ara ẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ó fi kún un pé kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹnikẹ́ni lójú. Ọmọbìnrin tó ń sùn níbẹ̀ náà wà lábẹ́ ẹ̀. Nítorí náà tí Mama bá ní kí o yọ ọ́, yọ ọ́. Àṣẹ ti Mama ni, kì í ṣe tìẹ, kì í ṣe ti Àǹtí.

ATM: kí ẹnikẹ́ni má gbà á, kí Mama má sì sọ PIN fún ọmọ kankan.

Ọmọ_Ìsánlú

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe lọ.

Mo kọ́kọ́ pe bọ̀bọ́ yẹn. Òótọ́ ni, nọ́ḿbà tiẹ̀ ló fi ṣí i, ó ní kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ò tètè dé sórí fóònù Àǹtí lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí Àǹtí gbọ́ èyí, ọ̀rọ̀ yí padà bìrí, gbogbo àròyé tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí ò ṣe tó ẹyọ ìyẹn. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n yọ ti yàrá kí n tó dá fóònù dúró. Wọ́n ti bẹ Mama. Mama ní ó tán, àmọ́ kí wọ́n má tún pe àwọn láti ara ògiri mọ́, ṣebí àwọn ní fóònù.

A yẹ ìtọ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Etí ọ̀tún wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́. Dókítà ní ìgbàgbé díẹ̀ wà lóòótọ́, kí a mú wọn padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ti owó kajú yẹn náà, oníbàárà fi ìwé tí Mama fọwọ́ sí hàn wá, wọ́n ti gba owó wọn pé.

A ṣe ìpàdé bí Mama Mọ̀pà ṣe wí, àbúrò Mama wá, àwọn àgbà ilé wa méjì wá, Bọ̀dá ti Àbújá dé. Mama sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní ti géètì kó wà, ti pálọ̀ kó wà tí àwọn bá nìkan wà nílé, kí wọ́n pa á tí àwọn bá ní àlejò. Àwọn ò lọ Àbújá, àwọn á máa wá kí wọn lásìkò Kérésì. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ATM, Mama bi wọ́n pé owó igi tí wọ́n gé tà ní oko Bàbá dà. Àbúrò Mama ní ká sinmi jẹun ná.

Bọ̀dá ò tíì sọ pé àwọn ò lọ kóòtù mọ́ o. Inú ń bí wọn. Àbúrò wa ti Kàdúná, ẹ ò ní gbà gbọ́, òun ló sọ pé tí Bọ̀dá bá lọ òun á wá jẹ́rìí fún Mama.

Ìbéèrè tó kù: Mama fẹ́ kí n máa bá wọn gba pẹ́ńṣàn tí ara wọn ò bá yá. Ẹ̀rù ń bà mí pé Bọ̀dá á ní mo ń jẹ ẹ́.

Lọ́yà_Ìjùmú

Kí Mama bá ẹ lọ sí báǹkì fúnra wọn, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ fàṣẹ fún ẹlòmíì láti máa gba owó lórí àkáǹtì àwọn, báǹkì ní ìwé tí wọ́n máa fún wọn. Kí wọ́n kọ iye tó ò gbọ́dọ̀ kọjá lóṣù. Tí Mama bá gbà, kí wọ́n fi àbúrò wọn ṣe ẹnìkejì, kó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, ìyẹn á dí Bọ̀dá lẹ́nu ju ìbúra lọ. Ra ìwé kékeré kan, kọ gbogbo owó tó jáde sí i, oògùn, oúnjẹ, owó ọmọbìnrin yẹn, dátà, kí Mama máa fọwọ́ sí i lóṣooṣù. Tí wọ́n bá sì pe àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn fún àyẹ̀wò, Mama ni kó lọ, má bá wọn lọ dípò wọn láé.

Sólà_àti_Kámẹ́rà

Má gbàgbé ti bọ̀bọ́ yẹn o, yíyọ ti yàrá nìkan ò tó. Kó kọ́kọ́ pa àwọn kámẹ́rà náà rẹ́ kúrò lórí àkáǹtì tiẹ̀ lójú ẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá ihò kékeré tó sábà máa ń wà níbi tí mẹ́mọ́rì kádì ń gbà wọlé, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí kámẹ́rà á fi sọ̀rọ̀, ìyẹn ló máa dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, kí Àǹtí wá fi nọ́ḿbà tiwọn ṣí i látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìsánlú

Ó ti yé mi. Ṣé kí n yọ síìmù kí n tó tẹ̀ ẹ́?

Sólà_àti_Kámẹ́rà

Rárá, fi sílẹ̀. Mẹ́mọ́rì kádì ni kó o yọ, kó o kó wọn fún Mama.